Ojú Màmá wa, owó tí ẹ dá, àti ìdí tí a ò fi tíì lọ sí Íńdíà

Ẹ̀yin ará wa ní Sábóńgàrí, ní Kánò níbí, àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá bá wà nílẹ̀ Haúsá. Àwa ọmọ Ìyá Elélùbọ́ la ń kọ èyí. Ọkùnrin méjì, obìnrin kan ni wá. Àgbà inú wa tó ń tajà aṣọ ní Kàntí Kwàrì ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni ẹ ti ń bi wá léèrè, lójú pópó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí WhatsApp: "Ẹ ṣì wà ńlé? Ṣé ẹ ò tíì gbé màmá yín lọ sí Íńdíà ni? Owó tí a dá ńkọ́?" A ò bínú sí yín. Ẹni tó bá dáwó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé a ti fi owó náà kó aṣọ wọlé. Ìyẹn dùn wá, ká má parọ́, ṣùgbọ́n àwa náà la ò tètè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 70 ọdún nígbà náà, ó ṣì ń jókòó ti èlùbọ́ rẹ̀ lọ́jà. Ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó ń ta á, ó ní bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ sì mọ bí eruku Kánò ṣe ń rí nígbà ọyẹ́. Gbogbo wa pè é ní Àpólò. A ra oògùn ojú ní kẹ́mísìtì, ó rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún dé. A tún rà á. Báyìí la ṣe títí ọyẹ́ fi lọ, tí òjò dé, ojú ṣì ń pọ́n. Àpólò wo ló ń lo oṣù mẹ́jọ lójú èèyàn? A ò bi ara wa.

Nígbà tó yá, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọnú, ó ń gún ẹyinjú. A gbé e lọ síbì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Wọ́n ní àrùn ojú tí eṣinṣin ń gbé kiri ni, èyí tí wọ́n ń pè ní trachoma. Àrùn yẹn wà nílẹ̀ Haúsá lóòótọ́, òun náà a sì máa yí irun ojú wọnú, nítorí náà a gbà. Wọ́n fi ẹ̀mú tu irun náà. Ó hù padà. Wọ́n tún tu ú. Ọdún kan lọ báyìí.

Nǹkan mìíràn wà tí a kà sí ọ̀tọ̀. Ẹnu Màmá ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń run orín. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń bó, ata kékeré báyìí ò ṣeé jẹ fún un mọ́. Èèyàn tó jẹ́ pé ọbẹ̀ tí kò bá lata, yóò ní ẹni tó sè é ń ṣàìsàn! A sọ pé ọjọ́ orí ni. A fún un ní omi iyọ̀ kó máa fi yọ ẹnu.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Haúsá, ló so méjèèjì pọ̀. Wọ́n gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ó wo ojú Màmá títí, ó fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé inú rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú bí aṣọ tí wọ́n gán pọ̀. Ó wá sọ fún Màmá pé, "Mama, buɗe bakinki." Màmá gbọ́ Haúsá jù wá lọ, ó ya ẹnu. Àwa rò pé dókítà ti ṣi iṣẹ́ ṣe, pé ojú la gbé wá, kì í ṣe ẹnu. Nígbà tó wo ẹnu tán, ó jókòó, ó béèrè lọ́wọ́ wa pé: "Ta ni nínú yín tó mọ̀ nípa ẹnu yìí tí kò sọ?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ilẹ̀.

Ó ní òun fura sí àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀, mucous membrane pemphigoid lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yìí ò ní ti Yorùbá, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan tí kò jẹ́. Ohun tó ń ṣe la lè sọ. Gbogbo wa ni a ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, ọmọ ogun náà ṣi ọ̀tá mọ̀, ó dojú kọ onílé. Ohun tó dà bí gọ́ọ̀mù wà lábẹ́ awọ tútù inú ojú, inú ẹnu, inú ọ̀fun, òun ló so awọ náà mọ́ ara. Gọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ń bá jà. Ibi tí wọ́n bá ti jà, á dégbò. Tó bá san, á di àpá. Àpá yìí ló ń fa ìpéǹpéjú wọlé, tó ń dí ojú omijé, tó ń yí irun wọnú, títí dígí tó bo dúdú ojú á fi fún bí ìgò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sábà máa ń mú, obìnrin sì ju ọkùnrin lọ. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè. A dárúkọ ìyẹn torí ẹni kan nínú ìdílé wa ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìyàwó ẹnì kan.

Láti mọ̀ dájú, wọ́n ní láti gé ẹran bíńtín lára awọ funfun ojú lọ sí láàbù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ẹni tó gba ẹran náà sọ ọ́ sínú fọmalín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹran yòókù. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ń wá ọmọ ogun lára gọ́ọ̀mù yìí, tó ń mú kó tàn lábẹ́ ẹ̀rọ, fọmalín a máa bà á jẹ́. Omi mìíràn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fi gbé e, tàbí omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fa dírípù tó bá máa yára dé. Báyìí ni wọ́n gé Màmá lójú lẹ́ẹ̀kejì. Èyí kejì la gbé lọ fúnra wa nínú kúlà, àbúrò wa ọkùnrin gbé e sórí itan títí dé ìlú tí láàbù náà wà. Èsì jáde: òun ni.

Oògùn wá bẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni dapsone. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, torí àwa Yorùbá, pàápàá ọkùnrin wa, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní in tó, tí wọ́n bá sì gbé dapsone mì, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa tú. Ti Màmá dára. A lọ ra oògùn náà, ọmọ tó ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù wò wá lókè wò wá nílẹ̀, ó ní, "Oògùn ẹ̀tẹ̀ nìyí." Òótọ́ ló sọ, wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀. Wọ́n tún fi ń wo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé àdúgbò kí àwa tó délé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn oníbàárà Màmá ò fi ra èlùbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ara yín, a ti gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tí dapsone nìkan ò tó, wọ́n fi methotrexate kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó o, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lo ti ọ̀sẹ̀ kan lójoojúmọ́ lè kú. A mú Sátidé, a fi bírò pupa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹnu san. Màmá padà sọ́dọ̀ èlùbọ́, ó tún ń bá wa jà nítorí ata.

Ibi tí àwa ti ṣe àṣìṣe la dé yìí. A ò ní yí i lójú.

Àbúrò wa obìnrin lọ sípàdé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun nínú páálí, sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké, wọ́n ní stem cell ni, pé ó ń tún ẹ̀yà ara tó bá bàjẹ́ ṣe: ojú, kíndìnrín, rọparọsẹ̀, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn dà á sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀. Wọ́n tún ní oògùn òyìnbó ló ń pa ẹ̀dọ̀, pé kí a dá a dúró kí "stem cell" lè ráyè ṣiṣẹ́. Àbúrò wa ò purọ́ fún wa, ó gbà á gbọ́, owó tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ra páálí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án ní pàṣán ọ̀rọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fọwọ́ sí i. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ti sú wa, owó oògùn ti sú wa, ẹ̀rù ẹ̀dọ̀ ń bà wá. A dá oògùn dúró.

Oṣù kìn-ín-ní, kò sí nǹkan. A dúpẹ́. Oṣù kejì, ojú pọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ìdọ̀tí ara ló ń jáde, pé kí a fi páálí kan kún un. Ní oṣù kẹta, Màmá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí ẹnì kan bá òun ṣí fèrèsé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ojú òsì ni kò ríran mọ́. Ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, dígí ojú ti fún.

Dókítà ò pariwo mọ́ wa. Ó kàn béèrè bí stem cell tí a da sábẹ́ ahọ́n ṣe máa mọ ọ̀nà dé ojú. Ó ní kódà ká ní sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló wà nínú páálí, ẹnu àti inú á dà á bí wọ́n ṣe ń da ẹran tí a jẹ. Àwa tí a ń ra ọjà, tí a ń fi ìka mọ àǹkárá gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, a ò béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ àwọn tó ta ìyẹn fún wa.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ wa gbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ wo fídíò, ẹ ní Íńdíà ń gbin stem cell sójú, àwọn afọ́jú ń ríran. Ẹ dáwó: 2,300,000 náírà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́run á san án fún yín. A gbé fídíò yẹn lọ fún dókítà, a ti ń bi í léèrè físà. Ó wò ó tán, ó ní òótọ́ ni fídíò náà. Ó wá mú bébà, ó ya ojú sí i, ó bá wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ohun tó sọ la fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí òun ni ìdáhùn yín.

Ó ní etí ibi tí dúdú ojú ti pàdé funfun, ibẹ̀ ni ilé irúgbìn wà. Sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ló ń bí awọ tó bo dígí ojú, lójoojúmọ́, títí a ó fi kú. Tí irúgbìn yẹn bá tán, awọ funfun á rìn wọ orí dígí, ojú á fọ́. Òun ni stem cell ojú gidi. Òun ni wọ́n ń gbìn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbìn ín ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ará Ítálì máa ń gé díẹ̀ lára etí ojú kejì tó ṣì dára, wọ́n á hù ú ní láàbù títí á fi tó bo ojú. Ní 2015 ni wọ́n fún un níwèé àṣẹ ní Yúróòpù, Holoclar lorúkọ rẹ̀, àwọn tí iná tàbí kẹ́míkà jó lójú ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ará Íńdíà, ní Haidarábáádì, gbé tiwọn jáde ní 2012, kò sì nílò láàbù: wọ́n á gé ẹyọ kékeré lára ojú tó dára, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù ara lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó bàjẹ́, á hù níbẹ̀. Èyí ni ẹ rí nínú fídíò. Ọmọkùnrin inú rẹ̀, ásíìdì ló ta sí i lójú kan. Ojú kejì rẹ̀ mọ́ rekete.

Dókítà wá béèrè: "Èwo ni ojú Màmá tó dára tí wọ́n máa gé?" Àìsàn yìí ò yan ọ̀kan, ojú méjèèjì ló ń bá jà. Tí wọ́n bá gé ojú ọ̀tún, èyí tó fi ń ríran díẹ̀, láti lọ gbin òsì, wọ́n lè pa ọ̀tún náà.

Àbúrò wa ọkùnrin dìde, ó ní kí wọ́n gé ti òun. Kò dúró rò ó. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, wọ́n máa ń gbà á lára ẹbí tàbí lára òkú, ṣùgbọ́n ara Màmá á kà á sí àlejò, oògùn líle la ó fi máa bẹ ara kó má lé e jáde. Lójú tó sì ti gbẹ bí ti Màmá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pẹ́ tí ohun tí wọ́n gbìn fi ń kú.

Ó ku ti àwọn ará Jàpáàní. Ọ̀nà tiwọn yà wá lẹ́nu. Wọ́n ní tí ojú méjèèjì bá ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká gba irúgbìn níbòmíràn: inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ń gé awọ inú ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á hù ú di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sójú. Ní 2004 ni wọ́n kọ ìròyìn ojú èèyàn mẹ́rin tí wọ́n ṣe é fún, àwọn tí irú àìsàn Màmá bà lójú jẹ́ wà lára wọn. Ní 2021 ìjọba ibẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí níwèé àṣẹ. Inú wa dùn, a ní òun nìyí! Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí ẹnu Màmá?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹnu náà wà lára ibi tí ogun ti ń jà.

Ìyẹn ò sọ pé kò ní ṣeé ṣe láéláé. Tí ẹnu bá ti san pátápátá, tó sì pẹ́, wọ́n lè rí ibi tó dára gé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá gbìn, ì báà jẹ́ ti ojú, ì báà jẹ́ ti ẹnu, ọmọ ogun tó jẹ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa jẹ èyí tuntun. Bí wọ́n bá fọ̀bẹ kan ojú tó ṣì pọ́n, ọ̀bẹ náà gan-an lè ru àìsàn náà sókè. Nítorí náà ó ní ètò rẹ̀ nìyí: kí ogun kọ́kọ́ rọlẹ̀, kó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí wọ́n tún ìpéǹpéjú ṣe, kí ojú ní omi, ẹ̀yìn náà la ó sọ̀rọ̀ irúgbìn. Màmá tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ gbọ́ ọ kíá jù wá lọ. Ó ní, "Ṣé ẹ máa gbin iṣu sínú oko tí iná ń jó ni?"

Ẹnì kan nínú yín, a ò dárúkọ, mú ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú kan wá fún wa níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá ikùn, tí wọ́n ń pè é ní stem cell, tí wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́ sínú ojú. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Dókítà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida, ní Amẹ́ríkà, fún wa. Obìnrin mẹ́ta, láti ẹni 72 ọdún dé ẹni 88 ọdún, ti inú ẹyinjú ló ń dà wọ́n láàmú, kì í ṣe irú ti Màmá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san 5,000 dọ́là kí wọ́n tó gún ọ̀rá ara wọn sí wọn lójú, ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rìn débẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń ríran díẹ̀. Ojú wọn fọ́ tàbí kó kù díẹ̀ kó fọ́ tán. Àwọn dókítà kọ ọ́ síwèé ìròyìn ìṣègùn ní 2017. Amẹ́ríkà nìyẹn o.

Kí la wá ń ṣe báyìí? Oògùn ti padà, Sátidé ti padà sórí kàlẹ́ńdà. Láti oṣù mọ́kànlá, ojú ọ̀tún ti dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ tó ti dákẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré sí ìpéǹpéjú ọ̀tún kí irun má baà gún un mọ́, kò sì ru. Fún omi ojú, ẹ̀jẹ̀ Màmá gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, omi tó dà bí epo ẹ̀pà á lé sókè. Wọ́n á po ìdá kan rẹ̀ mọ́ ìdá mẹ́rin omi iyọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò kéékèèké tó mọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bọ́ awọ ojú, ó ń ràn án lọ́wọ́ láti san, ju omi ojú tí wọ́n ń tà nínú páálí lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé inú ẹ̀jẹ̀ kan náà tí ọmọ ogun ti ń jáde ni oògùn ti jáde.

Ìṣòro rẹ̀ ni iná. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, èyí tí a bá ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, torí kò ní oògùn tó ń pa kòkòrò nínú. Tó bá bàjẹ́ tí a sì kán an, a ti fi ọwọ́ ara wa gbé kòkòrò sójú rẹ̀. Ẹ sì mọ NEPA Sábóńgàrí. A ti da ìgò mọ́kànlá nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ méjì tí jẹnẹrétọ̀ sì bàjẹ́. Màmá wo bí a ṣe ń dà á nù, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun lẹ ń dà sí gọ́tà yẹn o.

Fún ojú òsì, tí ọdún kan bá pé tó dákẹ́, dókítà fẹ́ gbìyànjú láti tú ìpéǹpéjú tó lẹ̀, kí ó fi awọ tó máa ń yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ tẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí Òkẹ́ mọ awọ tí à ń wí. Àwọn abiyamọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ló ń fi í tọrẹ, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Awọ náà kì í jẹ́ kí àpá tètè gán pọ̀. Dókítà ò ṣèlérí pé òsì á ríran. Ó ní òun fẹ́ kó lè ṣí ná.

Owó yín nìyí. 2,300,000 ló wọlé. Oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ 486,000. Mọ́tò àti ilé ibùsùn, 92,000. Iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú, 240,000. Omi ojú láti inú ẹ̀jẹ̀, 120,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 938,000. Ó ku 1,362,000, ó wà lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ wa, rìsíìtì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ wò ó. Páálí ìyẹ̀fun ò sí níbẹ̀, àpò àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn ti jáde. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí a dá ìyókù padà, a ó dá a padà. Bí ẹ bá ní kó wà níbẹ̀ de ìgbà tí ọ̀rọ̀ irúgbìn á yá, a dúpẹ́.

Màmá ní ká kí yín. Ó ti ń wá sọ́jà láàárọ̀ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Á bu èlùbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún, á sì sọ fún yín bóyá kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ní kúlà tó dára kó jọ̀ọ́ yá wa fún ọjọ́ kan, tiwa ti ń jò.